Ìrépé Òfì Lábẹ́ Aṣọ Eré

Steilshoop, Hamburg
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kínní, 2015

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Orúnkún mi méjèèjì wà nílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, àfi pé ilẹ̀ ibí tutù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè dìde. Ṣé ara le? Ṣé etí yẹn ti ń gbọ́ràn díẹ̀? Níyì àbúrò mi ní nígbà tí òun pè yín lórí fóònù láti Berlin, "Ta nìyẹn?" ni ẹ ń bi òun títí iná fi tán lára fóònù. Ẹ ní kí a máa kọ̀wé sí yín, a ti gbọ́. Níyì á máa kó lẹ́tà wa pọ̀ mọ́ ẹrù tí ó ń kó ránṣẹ́ sílé láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Tempelhof. Bí ó bá pẹ́ títí, á dé.

Dàmọ́lá ọkọ mi kí yín. Iṣẹ́ èbúté ń lọ, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní St. Georg náà ń lọ.

Bàbá, ọ̀rọ̀ Dárasími ọmọbìnrin wa ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lóṣù tó kọjá, ilé ìwé wọn kó wọn lọ sí gbọ̀ngàn ńlá kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe yìnyín. Wọ́n á so pákó gígùn méjì mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀, ọmọ á dúró ní òkè, á sì máa yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Síkì ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ yòókù ń ké pe ìyá wọn. Tiyín yọ̀ wálẹ̀, ó ṣubú, yìnyín kún ẹnu rẹ̀. Tíṣà sáré lọ gbé e, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni "Noch mal!" Ìyẹn ni pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un ṣe. Ó tún un ṣe títí wọ́n fi ti ibẹ̀.

Ní báyìí, ẹgbẹ́ eléré kan ní kí a máa mú un wá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Dàmọ́lá ní kí n fi ọmọ sílẹ̀. Èmi ń wo ẹsẹ̀ ọmọ mi, àyà mi ń já. Kí ni ẹ rí sí i?

Ọmọ yín,
Oyèníkẹ́

Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, 2015

Oyèníkẹ́ ọmọ mi,

Ìwé rẹ bá mi ní ìdí òfì. Etí mi kò gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ojú mi ń ríran, ọwọ́ mi sì ń hunṣọ. Mélòó ni èèyàn fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀rọ̀ síkì yẹn. Mo tún fún Abíọ́dún ọmọ àbúrò mi kí ó kà á, bóyá ojú náà ni kò ríran mọ́. Ohun kan náà ni ó kà. Wọ́n so pákó mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé e lọ sókè, wọ́n ní kí ó máa bọ̀. Ta ni ó ń lé e? Kí ló sọnù sísàlẹ̀?

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi ohun tí ọmọ náà sọ, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣé o ti gbàgbé ọdún tí ẹ wálé? Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Mo na òwú jáde sí àgbàlá bí a ti ń ṣe, mo sì gbé òkúta lé orí pákó tí ó ń mú òwú le, èyí tí ó máa ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ ahunṣọ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ bá ṣe ń gùn. Mo gbójú sókè, ọmọ rẹ ni mo rí tí ó jókòó gẹlẹtẹ sórí òkúta. Mo fà á títí ó fi dé ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ tún un ṣe." Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ ni mo ń fà, n kò rí aṣọ gidi kan hun. Nítorí náà kí àwọn ará Jámánì má sọ pé àwọn ni wọ́n kọ́ ọ.

Jẹ́ kí ó lọ. Kí ó ṣáà mọ̀wé, kí ó sì máa sọ Yorùbá. Fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, àti ìbọ̀sẹ̀ tí ó nípọn, ọyẹ́ ọdún yìí kò ṣeré.

Bàbá rẹ,
Láoyè

Steilshoop, Hamburg
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án, 2019

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wo àwòrán tí mo fi sínú ìwé yìí. Dárasími ni ó wà láàárín, ẹni tí wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ lọ́rùn. Gbogbo ọmọ ọdún méjìlá ní apá àríwá Jámánì, òun ni ó yá jù. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sórí òkè, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ọmọ Hamburg! Òkè wo ló wà níbẹ̀?" Òótọ́ ni wọ́n sọ, Hamburg tẹ́ pẹrẹsẹ, ibi tí ó ga jù lọ́dọ̀ wa ni àjà kejìlá ilé wa ní Steilshoop.

Nítorí ìyẹn ni a ṣe ní láti ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní ìsàlẹ̀ òkè ní gúúsù, tí àwọn ọmọ ti ń kàwé láàárọ̀, tí wọ́n sì ń sá síkì lọ́sàn-án. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Wọ́n gbà á. Kóòṣì rẹ̀ ń jẹ́ Leon, èèyàn dáadáa ni. Wákàtí mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ ojú irin ń gbà débẹ̀. Mo rán orúkọ rẹ̀ mọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀, títí kan ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra ní ibùdókọ̀ Hauptbahnhof, ó ń juwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sunkún. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ibi ọrùn.

Ẹ gbàdúrà fún un.

Oyèníkẹ́

Ìsẹ́yìn
Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kọkànlá, 2019

Oyèníkẹ́,

Mo rí àwòrán. Ọmọ náà dára, ó sì ga. Mo ti fi kọ́ ara ògiri.

Jẹ́ kí n sọ èyí tí ó wà nínú mi. Lọ́dún tí ẹ wálé, mo bẹ̀ ọ́ pé kí o fi ọmọ yìí sílẹ̀ fún mi, ọdún méjì péré, kí ó gbọ́ èdè wa yékéyéké, kí ó mọ ìdílé rẹ̀. O wò mí lójú, o ní ọmọ rẹ kò lè gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn ni mo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Wàyí o, o ti gbé e fún Leon.

Inú ń bí mi. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó lè tán, kò tíì tán.

Ṣé ó ń ṣubú? Bí ó bá ń ṣubú, sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un láti ẹnu mi: bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òun kò tíì dàgbà, kí ó máa wo iwájú.

Láoyè

Steilshoop, Hamburg
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá, 2021

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mi ò sì ní dìde lọ́tẹ̀ yìí, bó ti wù kí ilẹ̀ tutù tó. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti kọ̀wé sí yín kẹ́yìn. Mo lè sọ pé àrùn tí ó ti gbogbo ayé mọ́lé ni ó fà á, ẹrù Níyì kò kúkú rìn fún oṣù púpọ̀. Irọ́ ni. Inú ló bí mi. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí torí pé òótọ́ ni. Bàbá, ẹ kì í ṣe ẹlòmíràn. Ẹ̀rù ló bà mí nígbà náà pé bí mo bá fi ọmọ sílẹ̀ fún yín, kò ní fẹ́ padà wá bá mi mọ́. Ẹ dárí jì mí.

Mo jíṣẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé àti àgbà yẹn fún un. Ó kọ ọ́ sára ògiri yàrá rẹ̀.

Ó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Lóṣù Kejì ọdún tó ń bọ̀, ìdíje kan ń bọ̀ tí wọ́n á fi mú ọmọbìnrin mẹ́rin sínú ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Jámánì. Bí wọ́n bá mú un, ọ̀nà ti là dé ìdíje àgbáyé nìyẹn. Bí wọn kò bá mú un, ilé ẹ̀kọ́ yẹn lè ní kí ó máa bọ̀ ní Hamburg, níbi tí kò sí òkè. Ọmọ yín ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ẹ bá wa bẹ Ọlọ́run.

Ọmọ yín tí kò gbọ́ràn,
Oyèníkẹ́

Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, 2021

Oyèníkẹ́ ọmọ mi,

Dìde nílẹ̀, kí orúnkún má lọ dùn ọ́. Mo ti dárí jì ọ́ kí n tó ka ìwé rẹ tán. Àgbàlagbà tí ó bá ń bínú lọ́dún méjì kò níṣẹ́ tí ó ń ṣe ni.

Wo ohun tí mo fi sínú àpò ìwé yìí. O mọ̀ pé nínú ilé wa, ọmọ tí ó bá ń lọ dojú kọ ohun ńlá kì í lọ láìní òfì ilé lára. Nígbà tí o ń lọ sí Jámánì, ìyá rẹ rán ìrépé sányán mọ́ inú kóòtù rẹ. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ yìí, bàbá mi ni ó hun ún, ara aṣọ tí ó hun kẹ́yìn ni. Mo ti tọ́jú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá, n kò mọ ẹni tí mo ń tọ́jú rẹ̀ dè. Ó fẹ̀ ní ìka mẹ́rin, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́.

Rán an mọ́ aṣọ eré Dárasími níbi àyà, nínú, kí ó kan ara rẹ̀. Kí ó má dá nìkan sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè yẹn.

Bàbá rẹ

St. Georg, Hamburg
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 2022

Bàbá mi,

Ọwọ́ wa ti tẹ̀ ẹ́. Mo fi imú gbóòórùn rẹ̀, òórùn ilé wa ṣì wà lára rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú oníbàárà, obìnrin náà rò pé mo ti ba aṣọ òun jẹ́ ni.

Aṣọ eré wọn fẹ́lẹ́, ó sì lẹ̀ mọ́ ara pinpin. Mo ti pe Dárasími, mo bi í bóyá wọ́n gbà kí a rán nǹkan mọ́ ọn. Ó ní, "Ja, ja, Mama," pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo bá rán an. Bàbá, ẹ mọ̀ mí, mi kì í yin ara mi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè rí ipa abẹ́rẹ́ yẹn. Èmi tí mo rán an, mo ní láti fọwọ́ wá a.

Lọ́jọ́ Sátidé ni ìdíje. Èmi àti Dàmọ́lá ń lọ. Bí a bá ti dé, ẹ máa gbọ́ ìròyìn.

Oyèníkẹ́

Ìsẹ́yìn
Ogúnjọ́ oṣù Kẹrin, 2022

Oyèníkẹ́,

Ó ti ju oṣù méjì lọ. Mo ní kí Abíọ́dún pè ọ́. Ó ní o ní dáadáa ni gbogbo yín wà. Dáadáa kì í ṣe ìròyìn. Kí ló ṣẹlẹ̀ lórí òkè yẹn? Ṣé ẹsẹ̀ ọmọ náà ló dá?

Láoyè

Tempelhof, Berlin
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún, 2022

Bàbá mi,

Ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ Dárasími pé, apá rẹ̀ pé. Yìnyín ọjọ́ yẹn ni kò fi bẹ́ẹ̀ dára, ìkùukùu náà sì wà. Wọn kò mú un lọ́dún yìí. Leon bá wọn sọ̀rọ̀, ilé ẹ̀kọ́ ní kí ó ṣe ọdún kan sí i ná. Ẹ má fi sọ́kàn, bí ìdíje ti máa ń rí nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù Níyì ni mo ti ń kọ ìwé yìí, mo kó ẹrù wá fún un. Ó dúró sẹ́yìn mi, ó ń kà á, ó ń hùn. Ẹ má dá a lóhùn. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́fà wà nínú ẹrù náà, àti tíì tí ẹ fẹ́ràn.

Oyèníkẹ́

Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹjọ, 2022

Oyèníkẹ́,

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tìrẹ kò tilẹ̀ lo ogún ọ̀sẹ̀. Níyì wálé lóṣù tó kọjá. Mo jókòó tì í, mo ní kí ó máa pariwo sí mi létí títí n ó fi gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Mo ti gbọ́ pé ipò kejì ni ọmọ náà ṣe. Mo ti gbọ́ pé lẹ́yìn eré, wọ́n gba aṣọ lára àwọn tí ó yá jù, wọ́n fi ẹ̀rọ kan fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n sì rí i pé níbi àyà aṣọ Dárasími, afẹ́fẹ́ kò kọjá. Níyì ní òfin wọn ni pé afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gba inú aṣọ náà kọjá ní ibi gbogbo, kí ẹnikẹ́ni má baà fi aṣọ dídí sáré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n tú u, wọ́n bá sányán bàbá mi níbẹ̀. Wọ́n sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Bàbá mi a máa hun aṣọ tí afẹ́fẹ́ kì í ráyè gbà. Gbogbo ayé ni ó ń yìn ín fún un.

N kò bá ọ wí pé o purọ́. Mo mọ̀ pé nítorí tèmi ni o ṣe fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yìí ni mo fi ti ọmọ ọmọ mi ṣubú. Láti ọjọ́ tí Níyì ti lọ, n kò jókòó sí ìdí òfì. Mo ní kí Abíọ́dún gbé òkúta kúrò ní àgbàlá. Bá mi bẹ ọmọ náà. N kò mọ bí n ó ṣe kọ ọ́ sí i.

Láoyè

Ilé ẹ̀kọ́ wa
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, 2022

Bàbá àgbà,

Ẹ kú àárọ̀, tàbí ẹ káàsán, mi ò mọ ìgbà tí ẹ máa kà á. Èmi Dárasími ni. Mama fẹ́ bá mi tún ìwé yìí ṣe, mo ní rárá. Tí àmì kan bá wà níbi tí kò yẹ, ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ máa kà á lọ.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é. Mama kọ́ ló ṣe é. Leon ti sọ Regel náà fún gbogbo wa, ó ti pẹ́: a ò gbọdọ̀ fi nǹkan kankan kún Rennanzug, aṣọ eré wa. Mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Mama bi mí, mo sọ pé "Ja, ja" torí mo fẹ́ kí ó rán an. Àwọn bàbá àgbà ti gbogbo àwọn ọmọ yòókù máa ń wá. Wọ́n máa dúró sísàlẹ̀ òkè pẹ̀lú tíì gbígbóná, wọ́n á máa pariwo orúkọ wọn. Mo fẹ́ kí tèmi náà wá. Nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lára níbi àyà, inú mi dùn gan-an. Mi ò tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe aṣọ ló jẹ́ kí n yára, ẹ gbà mí gbọ́.

Mo ti lọ sọ fún Leon pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ó bínú fún ọjọ́ méjì. Ó wá ní kí n ka gbogbo ìwé òfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Mo kà á tán. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa aṣọ, bàtà, akoto, síkì, ohun gbogbo. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa àpò tí a ń kó síkì sí.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ àpò. Kí ó gùn tó mítà méjì. Àwọ̀ pupa, kí n lè rí i láàárín yìnyín.

Uncle Níyì ní ẹ ò hunṣọ mọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ pé àgbà tí ó bá ṣubú máa ń wo ẹ̀yìn. Ó wà lára ògiri mi. Èmi ń wo iwájú. Ẹ̀yin náà ẹ wo iwájú, ẹ jọ̀ọ́. Mo nílò àpò yẹn lóòótọ́, èyí tí mo ní ti ya.

Dárasími

Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kínní, 2023

Dárasími, ìyàwó mi, ọmọ tí ó ń bá mi wí,

Mo ti gbọ́ ìbáwí. Àmì tí kò yẹ pọ̀ nínú ìwé rẹ, mo sì kà á fún gbogbo àdúgbò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wá òkúta mi. Abíọ́dún ti fi ti ìlẹ̀kùn ilé adìyẹ. Mo gbà á padà lọ́wọ́ adìyẹ. Àlàárì ni mo hun, kò sí pupa tí ó pupa jù ú lọ. Ìrépé mẹ́wàá ni mo rán pọ̀ kí ó tó fẹ̀ tó. Àwọn èèyàn tí ó ń kọjá ń bi mí pé ta ni ó kú, tí mo ń hun àpò gígùn. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, pákó ẹsẹ̀ ọmọ ọmọ mi ni ó fẹ́ wọṣọ.

Sọ fún ìyá rẹ pé ìgbéraga oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó ṣe èmi àti òun. Òun gbà pé kò sẹ́ni tí ó lè rí ipa abẹ́rẹ́ òun, èmi gbà pé kò síbi tí òfì Ìsẹ́yìn kò yẹ. Kí ó má fọwọ́ kan àpò yìí. Bí ó bá jẹ́ bọ́tìnnì ni ó fẹ́ rán mọ́ ọn, kí ó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ Leon.

Sì jẹ́ kí n mọ̀ nígbà tí o bá dé ibi tí o ń lọ. Mo ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ṣùgbọ́n n kò kánjú.

Bàbá rẹ àgbà

Tempelhof, Berlin
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kínní, 2025

Bàbá mi,

Bàbá mi, Bàbá mi! Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Abíọ́dún ti sọ fún yín pé wọ́n mú Dárasími sínú ikọ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Èyí kọjá ìyẹn. Lánàá, ọmọ yín sá ìdíje àgbáyé gidi, láàárín àwọn àgbà tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n!

Ṣọ́ọ̀bù Níyì ni a péjọ sí. Dàmọ́lá kò lè jókòó, ẹ̀gbẹ́ àpótí ẹrù ni ó dúró sí, ó ń jẹ èékánná. Bí eré náà ṣe rí ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni ọgbọ̀n tí ó bá yá jù ní àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí ó lọ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn yòókù á máa lọ sílé. Nọ́ńbà ọmọ wa jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ẹ̀yìn ló wà, àwọn tí ó ṣáájú ti wa yìnyín náà bí ọ̀nà oko lásìkò òjò. Wọ́n gbé e hàn lókè kí ó tó gbéra. Bàbá, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fọwọ́ kan nǹkan pupa kan tí Leon gbé kọ́ èjìká. Oníròyìn ń bi ẹnìkejì rẹ̀ pé kí ni àpò ẹlẹ́wà yẹn. Níyì kígbe mọ́ tẹlifíṣọ̀n pé, "Ìsẹ́yìn ni! Ẹ sọ fún wọn, Ìsẹ́yìn!"

Ó sọ̀ kalẹ̀. Níbi kan ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, mo pariwo, ó gba ara rẹ̀ mú. Wọ́n ní ọgbọ̀n. Ipò ọgbọ̀n gan-an, Bàbá! Ẹni mẹ́rin ṣì kù lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá yára jù ú lọ, ó ti parí. Mọ́nsúrù, tí ó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ Níyì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ: "Ọlọ́run, ṣọ́ wọn o, kí wọ́n má farapa, ṣùgbọ́n kí wọ́n rọra, kí wọ́n rọra máa bọ̀." Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọra. A fò sókè, a da àpótí ẹja gbígbẹ kan nù, Níyì kò tilẹ̀ wò ó.

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, yìnyín mọ́ tónítóní níwájú rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ipò kejìlélógún ni ó wà ní gbogbo ayé. Ó pè mí lórí fóònù.

Ó ní kí n kọ èyí sí yín gẹ́gẹ́ bí òun ṣe sọ ọ́: "Ẹ sọ fún Bàbá àgbà pé àwọn náà wá dúró dè mí sísàlẹ̀ òkè, nínú àpò pupa yẹn. Mo rí wọn."

Ọmọ yín,
Oyèníkẹ́

Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, 2025

Oyèníkẹ́, Dàmọ́lá, àti Dárasími tí ó wà lórí òkè,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kí Mọ́nsúrù fún mi. Irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn.

Mo ti ń ṣe ìṣirò náà láti ọjọ́ tí ìwé ti dé. Nínú gbogbo ayé, ẹni mọ́kànlélógún péré ni ó yá ju ọmọ mi lọ. Mo lọ sọ fún àwọn àgbà ní mọ́sáláṣí, mo sọ fún àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ fún ẹni tí ó wá ra aṣọ tí kò bi mí léèrè. Wọ́n ń bi mí pé kí ni síkì. Mo ní ẹ jókòó, n ó ṣàlàyé, ṣùgbọ́n yóò pẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kejìlélógún ni ó dùn mọ́ mi jù. Ọgbọ̀n ni. Wọ́n kó gbogbo ọmọ wọ̀nyẹn jọ, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní kí àwọn yòókù máa lọ sílé, wọ́n wá yíjú sí ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ, tún un ṣe. Dárasími, o kò ní láti bẹ̀bẹ̀ mọ́. Àwọn ni wọ́n ń bẹ̀ ọ́.

Lánàá mo na òwú sí àgbàlá. Ẹ̀bùnọlá, ọmọ ọmọ Abíọ́dún, ọmọ ọdún mẹ́ta, lọ jókòó sórí òkúta. Ìyá rẹ̀ fẹ́ gbé e kúrò, mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Mo fà á. Ọmọ náà wúwo, apá mi kì í sì í ṣe ti àtijọ́ mọ́, mo sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó dé ẹsẹ̀ mi, mo ti mọ ohun tí ó fẹ́ sọ kí ó tó la ẹnu.

Mo dìde, mo sì wọ́ òun àti òkúta rẹ̀ padà sí òpin àgbàlá.

Bàbá yín,
Láoyè